Ọmọ kún ìlú, kí ló dé tí àbúrò mi ní Houston ò tíì rí ọ̀kan gbà?

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí. Mo lọ kí màmá wa ní Òmù-Àrán, obìnrin kan láti agbo ilé kejì sì yà wọlé, ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí wà lẹ́yìn rẹ̀. A ní kó jókòó, kò jókòó. Ó ní òun gbọ́ pé àbúrò mi tó wà ní Amẹ́ríkà ń wá ọmọ. Òun ti bí márùn-ún ṣáájú eléyìí, ọ̀kadà tí ọkọ òun ń gùn kò sì gbọ́ bùkátà wọn mọ́. Ó tú ọ̀já, ó na ọmọ sí màmá wa: "Ẹ gbà á, Màmá. Kó ṣáà ti rí ilé ìwé lọ."

Màmá wò mí. Mo ní kò ṣeé ṣe.

Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti ní ìsinmi nínú ẹbí. Ẹni tó ń wá ọmọ rèé, ẹni tó fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀ rèé, kí ni ìjọba ń wá láàárín wọn? Àwọn kan ní àbúrò mi ò tíì na owó tó yẹ ni. Àwọn kan ní ìyàwó rẹ̀ ni kò fẹ́. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì tilẹ̀ bi màmá wa pé èló ni wọ́n ń ta ọmọ báyìí. Èmi tí mò ń gbé ní Ìlọrin ni mò ń bá wọn gbé ìwé láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì. Mo ti gbọ́ àlàyé lẹ́nu lọ́yà àti àwọn òṣìṣẹ́ wẹ́fíà títí ó fi yé mi, bó sì ṣe yé mi ni mo fẹ́ sọ ọ́.

## Ṣé àgbàtọ́ kọ́ nìyẹn?

Àgbàtọ́ kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni ìdàrúdàpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Kò sí ilé kan ní ilẹ̀ Ìgbómìnà tí kò tọ́ ọmọ ọlọ́mọ rí. Nílé tiwa, àwa mẹ́fà la jọ ń jẹun nínú abọ́ kan, mẹ́rin péré ni màmá wa bí. Ọmọ àgbàtọ́ ṣì jẹ́ ọmọ àwọn tó bí i. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́, wọ́n lè wá mú un nígbàkigbà, bó bá sì tó àkókò ìdána, àwọn òbí rẹ̀ ni yóò jókòó síwájú. Kò sí ìwé kankan láàárín ẹni tó tọ́ ọ àti ẹni tó bí i, àfi ìfẹ́ àti ìtìjú.

Ìsọdọmọ yàtọ̀. Àwọn onígbàgbọ́ mọ ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé Róòmù, níbi tí a ti kà nípa ẹ̀mí ìsọdọmọ. Lábẹ́ òfin, kóòtù ni í ṣe é. Adájọ́ á já okùn tó wà láàárín ọmọ àti àwọn tó bí i, á wá so ó mọ́ àwọn tó gbà á, bí ẹni pé àwọn ni wọ́n bí i. Ogún tọ́ sí i lọ́dọ̀ wọn láti ọjọ́ náà. Ẹni tó bí i kò lè dé lọ́dún márùn-ún òní kó ní òun ti yí ọkàn padà.

Nígbà tí obìnrin yẹn na ọmọ sí màmá wa, àgbàtọ́ ló wà lọ́kàn rẹ̀: kí ọmọ lọ kàwé, kó sì padà wá mọ ìyá rẹ̀. Amẹ́ríkà kò ní físà fún àgbàtọ́.

## Kwara ló dá wọn dúró ni, àbí Amẹ́ríkà?

Àwọn méjèèjì ní ọ̀rọ̀ tiwọn, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì lè dáhùn fún ìkejì.

Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Ìlọrin rí á tètè mọ ohun tí mò ń sọ. Ìwé tí mọ̀lẹ́bí onílẹ̀ fọwọ́ sí fún ọ fi hàn pé wọ́n ti tà á, ó ti di tìrẹ lójú wọn. Gbé ìwé yẹn lọ sí báǹkì pé kí wọ́n yá ọ lówó lé e, wọ́n á ní C of O, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ilẹ̀, dà? Ìwé mọ̀lẹ́bí kì í ṣe irọ́. Ìbéèrè tí báǹkì ń bi ọ́ ni kò dáhùn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìwé kóòtù Kwara rí lójú àwọn Amẹ́ríkà tó ń fúnni ní físà. Kóòtù ti ní ọmọ yìí di tiyín, àwọn ṣì ń béèrè pé ta ni yín, ọmọ wo nìyí, báwo ló sì ṣe kúrò lọ́wọ́ àwọn tó bí i?

Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀nà fi máa ń ti ọ̀dọ̀ Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wo ojú ọmọ kankan. Ó kéré tán, ọ̀kan nínú tọkọtaya náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà lábẹ́ òfin. Green card, ìwé àṣẹ ìgbélùú wọn, nìkan kò tó fún ọ̀nà yìí. Àjọ tó ń bá wọn ṣe é gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fún ní àṣẹ lọ́hùn-ún. Láti oṣù keje ọdún 2014 ni òfin yẹn ti kan àwọn tó ń gba ọmọ láti Nàìjíríà náà.

Òṣìṣẹ́ kan lọ sílé àbúrò mi ní Houston. Ó wo yàrá, ó wo ibi tí wọ́n ń tọ́jú oògùn sí, ó béèrè iye tó ń wọlé fún wọn lóṣù. Ó tún béèrè bí wọ́n ṣe jẹ wọ́n níyà nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Àbúrò mi pè mí lóru ọjọ́ yẹn: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n sọ fún un pé bàbá wa máa ń fi pàṣán nà wá ni?" Mo ní kó sọ òótọ́. Ó sọ ọ́, kò sì ba nǹkan kan jẹ́. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ mọ̀ ni ohun tí òun náà máa ṣe nígbà tí ọmọ bá fọ́ tẹlifíṣọ̀n.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtẹ̀ka, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti hùwà ọ̀daràn rí. Lẹ́yìn ìtẹ̀ka ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní I-600A, èyí tí ìjọba Amẹ́ríkà á fi sọ ṣáájú pé àwọn méjì yìí yẹ ní òbí. Fọ́ọ̀mù kejì, I-600, ọ̀rọ̀ ọmọ fúnra rẹ̀ ló dá lé. Ẹ ò lè kọ ọ́ títí tí ẹ ó fi mọ ọmọ náà. Ìtẹ̀ka àti ìwádìí ilé sì máa ń gbó bí ìwé ọkọ̀ ṣe máa ń gbó. Bí ọmọ ò bá tíì jáde kí ọjọ́ wọn tó pé, ẹ ó tún wọn ṣe, ẹ ó sì tún san owó. Àbúrò mi ti tún ìka tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

## Kí ni Kwara ń wò?

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2003 ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tirẹ̀ láti ara rẹ̀. Kwara ti ṣe tiwọn. Nítorí náà, ohun tí àna yín ṣe ní Èkó tàbí Port Harcourt lè má bá ti Ìlọrin mu. Ohun tí mo fẹ́ kà yìí, bó ṣe wà nínú òfin àpapọ̀ ni. Ẹ béèrè ti Kwara lọ́fíìsì wẹ́fíà kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún lọ́yà.

Tọkọtaya lè jọ wá, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá ti pé ọdún 25, tó sì fi ọdún 21 ju ọmọ náà lọ. Ẹni tó dá wà gbọ́dọ̀ ti pé 35, kò sì lè gbà ju ọmọ tó jẹ́ akọ tàbí abo bíi tirẹ̀. Wọ́n á mú ìwé ìgbéyàwó wá, ìwé ọjọ́ orí, fọ́tò pásípọ́ọ̀tì méjì méjì, àti ìwé àyẹ̀wò ara láti ọsibítù ìjọba. Ìwọ̀nyí rọrùn.

Ẹ gbọ́dọ̀ ti sọ fún òṣìṣẹ́ wẹ́fíà pé ẹ fẹ́ gba ọmọ, ó kéré tán oṣù 12 kí adájọ́ tó fọwọ́ sí i. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín fún oṣù mẹ́ta gbáko láìdá, títí di ọjọ́ àṣẹ. Ẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Èyí kò dí àbúrò mi lọ́wọ́, torí ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà kì í pàdánù rẹ̀ nítorí pé ó gba pásípọ́ọ̀tì ilẹ̀ mìíràn; abala 28 nínú ìwé òfin 1999 fàyè gbà á. Ṣùgbọ́n òfin náà tún ní kí ẹ̀yin àti ọmọ jọ wà ní ìpínlẹ̀ kan náà, kí ẹ sì ti gbé ní ìpínlẹ̀ yẹn fún ọdún márùn-ún ó kéré tán.

Ọdún márùn-ún! Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa há sí. Àbúrò mi ń wálé lọ́dún méjì méjì, ó ní ilé tó ti kan òrùlé ní Òmù-Àrán, kò sì sí ọdún tí kì í fowó ránṣẹ́ nígbà ọdún ìlú. Òfin kò ka ibi tí ènìyàn kọ́lé sí mọ́ ibi tó ń gbé. Lọ́yà wa ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé àwọn kan máa ń kọ àdírẹ́sì ìbátan wọn sílẹ̀ bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ó ní irọ́ yẹn lè kọjá ní kóòtù, àmọ́ ọjọ́ tí ìwé bá dé iwájú àwọn Amẹ́ríkà, wọ́n á ṣí pásípọ́ọ̀tì, wọ́n á ka ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́yà tí a kọ́kọ́ bá kò sọ bẹ́ẹ̀. Owó ló kọ́kọ́ béèrè.

Ní kóòtù fúnra rẹ̀, adájọ́ kò ní tìtorí pé ẹ múra dáadáa kó fọwọ́ sí i. Á rán àwọn òṣìṣẹ́ jáde láti wádìí yín, á sì yan ẹnì kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó sọ̀rọ̀ fún ọmọ náà nìkan. Bí ìjókòó kan bá bọ́ sínú ìyanṣẹ́lódì, ẹ mọ̀ pé ó tún di oṣù tó ń bọ̀.

## Kí ló dé tí ọmọ obìnrin yẹn kò fi lè lọ?

Lẹ́nu wa, ọmọ òrukàn ni ẹni tí òbí rẹ̀ ti kú. Nínú òfin físà Amẹ́ríkà, ọmọ òrukàn náà ni wọ́n ń wá, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tiwọn fẹ̀ níbì kan, ó sì há níbòmíràn.

Ó fẹ̀ nítorí pé kò dúró lórí ikú nìkan. Ọmọ tí bàbá àti ìyá rẹ̀ ti pòórá, tàbí tí wọ́n pa á tì pátápátá, wà nínú rẹ̀. Ọmọ tó ku òbí kan ṣoṣo lè wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, bí òbí yẹn kò bá lágbára láti gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà, tó sì ti fọwọ́ sí ìwé, èyí tí kò ní yí padà, pé kí wọ́n gba ọmọ náà kí wọ́n sì mú un kúrò nílùú. Ọmọ opó, bí àpẹẹrẹ.

Ó há nítorí pé bí bàbá àti ìyá bá wà láàyè tí wọ́n jọ ń gbé, ọmọ wọn kì í ṣe òrukàn, ì báà jẹ́ gààrí lásán ni wọ́n ń mu sùn. Òṣì kì í sọ ọmọ di òrukàn lójú òfin yẹn. Ohun kan tún wà tí ó pẹ́ kó tó yé mi. Ẹni tó bá gbé ọmọ rẹ̀ lé ẹnì kan pàtó lọ́wọ́, lójú wọn, kò pa ọmọ náà tì. Ó yan ẹni tó fẹ́ fi í fún ni. Ọwọ́ tí obìnrin yẹn fi na ọmọ sí màmá wa gan-an ló fi hàn pé ọmọ náà ní ìyá.

Ẹnì kan nínú ẹbí wá dá ọgbọ́n: kí ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ilé ọmọ aláìlóbìí, kí àwa wá lọ "rí" i níbẹ̀. Mo ní ṣé ó fẹ́ kí n ṣẹ̀wọ̀n ni? Kí físà tó jáde, àwọn Amẹ́ríkà máa ń ṣe ìwádìí tiwọn lórí bí ọmọ ṣe dé ibi tí wọ́n ti rí i. Agbo ilé tí gbogbo èèyàn ti mọ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ta ló fẹ́ bá wa purọ́ níbẹ̀?

## Ọmọ ẹ̀gbọ́n ńkọ́?

Ọmọ bàbá wa kan ní Ọ̀fà ní kí wọ́n mú ọmọ òun tó jẹ́ ọdún 14. Òun àti ìyàwó rẹ̀ wà láàyè, nítorí náà ìdáhùn kan náà ni. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò béèrè ọ̀rọ̀ òrukàn: kí ìsọdọmọ parí kí ọmọ tó pé 16, kí ẹni tó gbà á ní àṣẹ lórí rẹ̀ lábẹ́ òfin fún ọdún méjì, kó sì bá a gbé pọ̀ fún ọdún méjì. Gbígbé pọ̀ náà ló nira. Ọdún méjì tí ẹ fi ń rí ojú ara yín lórí WhatsApp kò sí nínú rẹ̀. Ó di kí ẹnì kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá máa gbé nílé.

## Kí ló dé tí wọ́n fi ń fura sí wa tó bẹ́ẹ̀?

A fún wọn nídìí. Gbogbo wa la ti gbọ́ nípa àwọn ilé tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọbìnrin jọ kí wọ́n lè bímọ fún títà. Ẹni tó bá ra ọmọ tàbí tó tà á, òfin 2003 yẹn ní ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá. Àwọn mìíràn tún wà tí wọn kì í dé kóòtù rárá: wọ́n á gba ọmọ, wọ́n á wá wá ìwé ìbí tó ní àwọn ni wọ́n bí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò DNA, àṣírí á tú, àwọn tó bá sì tọwọ́ òtítọ́ wá lẹ́yìn wọn ni yóò jìyà ìfura náà.

Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá gbígba ọmọ láti Nàìjíríà dúró ní oṣù kẹta ọdún 2021. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí láti London, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn dé lọ́dọ̀ ìjọba tiyín kí ẹ tó yan ọmọ.

Àdéhùn kan tún wà lórí gbígba ọmọ láti òkèèrè, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní The Hague lọ́dún 1993. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún orílẹ̀-èdè tó wọ inú rẹ̀, Amẹ́ríkà wà níbẹ̀, Nàìjíríà kò sí. Láàárín àwọn tó wà nínú rẹ̀, ìjọba méjèèjì á ti bá ara wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó fa ọmọ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ wò bóyá ẹbí ọmọ lè tọ́jú rẹ̀, lẹ́yìn náà bóyá ẹnì kan nínú ìlú rẹ̀ lè gbà á. Ní tiwa, ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ń ru ìwé tirẹ̀ lórí kiri.

Àwọn tó sì ń sọ pé torí àwọ̀ wa ni, ẹ wò ó báyìí. Lọ́dún 2004, ó lé ní 22,000 ọmọ tí àwọn ará Amẹ́ríkà gbà láti òkèèrè. Lọ́dún 2023, kò tó 1,300. Rọ́ṣíà tilẹ̀kùn mọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ 2013, Etiópíà ní 2018, Ṣáínà ní 2024. Ilẹ̀kùn ń há níbi gbogbo.

## Àwọn Mùsùlùmí ńkọ́?

Èyí ni wọ́n máa ń bi mí jù ní Ìlọrin. Nínú Àlùkùránì, orí Al-Ahzab, ẹsẹ karùn-ún, àṣẹ wà pé kí a máa fi orúkọ bàbá tó bí wọn pe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bí àwọn alfa ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi, títọ́ ọmọ aláìlóbìí ní láádá ńlá, kafala ni wọ́n sì ń pè é. Àmọ́ ìran ọmọ kò yí padà, kò sì ní ìpín nínú ogún bí ọmọ tí wọ́n bí. Ẹni tó tọ́ ọ lè fi ohun kan sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìpíngún, tí kò bá ti ju ìdá kan nínú mẹ́ta dúkìá rẹ̀ lọ.

Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé Amẹ́ríkà kò ka kafala sí ìsọdọmọ. Mo mọ ìdílé kan ládùúgbò wa tó gba ìwé kóòtù, tí ọmọ sì ń jẹ́ orúkọ bàbá tó bí i nílé kéú. Bóyá ìyẹn tọ́ tàbí kò tọ́, alfa yín ni kí ẹ bi, ẹ má bi èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

## Níbo la dé báyìí?

Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí àbúrò mi àti ìyàwó rẹ̀. Ti Kwara ló kù. Àwọn méjèèjì ti ń rò ó láti kó wálé, torí ìyàwó lè rí iṣẹ́ ní ọsibítù kan níbí, owó oṣù ibẹ̀ ni kò tíì wọ̀ ọ́ lọ́kàn. Bí kóòtù bá gbé ọmọ fún wọn lọ́jọ́ kan, ìwé á lọ sí Èkó, níbi tí Amẹ́ríkà ti máa ń fúnni ní físà tó wà fún ìsọdọmọ kí wọ́n tó dá irú físà bẹ́ẹ̀ dúró fún àwọn ọmọ Nàìjíríà ní oṣù kìíní ọdún 2026. Bí ó bá jẹ́ físà tí wọ́n ń pè ní IR-3, ti ọmọ tí ìsọdọmọ rẹ̀ ti parí kó tó kúrò nílé, ọmọ náà á di ọmọ Amẹ́ríkà lọ́jọ́ tó bá fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2000. Òfin físà wọn máa ń yí lójijì, ẹ má fi ti àná ṣe ti òní.

Lóṣù tó kọjá, mo tún lọ sí Òmù-Àrán. Ọmọkùnrin ọjọ́sí ti ń sáré. Ó di etí báàgì mi mú, ó ní dandan, òun máa bá mi gbé e wọlé. Ìyá rẹ̀ ti ní ẹ̀rọ ìránṣọ kan, aṣọ ilé ìwé ló ń rán níwájú ilé. Màmá wa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Ìyá ọmọ, ṣé kí àwọn ará Houston máa gbé e lọ báyìí?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó sì pe ọmọ rẹ̀ sọ́dọ̀.